Òórùn Tí Ràsáàkì Kò Gbọ́

"Ẹ sún mọ́ ọn dáadáa, Bàbá Jàmíù. Ẹ fi imú kàn án."

Ràsáàkì ti orí bọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ náà, ó fa èémí símú gan-an, ó dúró díẹ̀, ó tún fà á. Nọ́ọ̀sì Mọ́rìnọ́lá dúró tì í nínú aṣọ funfun rẹ̀, ó ń wo ojú rẹ̀ bí ẹni tó ń retí èsì àyẹ̀wò.

"Ṣé ẹ gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ," ni Ràsáàkì fèsì.

Irọ́ ni. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ti di oṣù méje báyìí tí ibà àti ọ̀fìnkìn líle kan dá a dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí ara yá, imú kò yá. Bẹntiróòlù, ọ́ìlì tó jóná, àlùbọ́sà tí wọ́n ń dín, ọṣẹ tí Fàrídà ìyàwó rẹ̀ fi ń fọṣọ, kò sí èyí tó ń gbọ́ nínú wọn mọ́. Bẹ́ẹ̀, imú yìí gan-an ni àwọn awakọ̀ Ìsẹ́yìn mọ̀ ọ́n mọ́. Láti ọdún mẹ́tàdínlógójì tó ti ń tún ọkọ̀ ṣe lójú ọ̀nà Ìgànná, awakọ̀ á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, Ràsáàkì á gbóòórùn lẹ́ẹ̀kan péré, á ní, "Ọ́ìlì ń kán sórí sáyẹ́lẹ́ńsà," tàbí, "Wáyà kan ń yọ́ níhìn-ín." Bí wọ́n bá tú u, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n máa ń bá a. Ọ̀gá Onímú ni wọ́n ń pè é ní garéèjì. Kò sí ẹni tó mọ̀ pé imú ti kú, àfi Fàrídà.

"Òórùn rọ́bà tó ń jóná ni," ni Nọ́ọ̀sì sọ. "Ẹ pààrọ̀ bẹ́líìtì ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ ní ó ti tán. Ó tún rùn. Mo gbé e padà wá, ẹ ní ọ́ìlì ló ń jò, ẹ dí i. Lánàá, ó wá rùn ju tàtẹ̀yìnwá lọ. Misturat tí a jọ ń ṣiṣẹ́ bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ó ní òun ò ní í jóná mọ́ inú ọkọ̀ ẹnikẹ́ni, ó sì gun ọ̀kadà lọ."

"Bẹ́líìtì tuntun máa ń rùn díẹ̀ kó tó mọ́ra," ni Ràsáàkì sọ. Bó ṣe sọ ọ́ tán ni ojú tì í.

"Ṣé mo lè gbé e lọ lọ́la báyẹn?"

Ràsáàkì tẹjú mọ́ bẹ́líìtì náà.

"Bàbá Jàmíù, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ mi. Ọ̀la ni ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ní Búdó Àlàbá. Àwọn ìyá ọlọ́mọ tó lé ní ọgbọ̀n ń ti oko wọn bọ̀, ẹlòmíràn á ti rin ìrìn wákàtí méjì. Bí wọn ò bá bá wa níbẹ̀, wọ́n á padà sílé, n ò sì mọ ìgbà tí wọn á tún wá. N ò lè kó abẹ́rẹ́ sórí ọ̀kadà lórí ọ̀nà gbágungbàgun yẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni n ò lè wakọ̀ tó fẹ́ gbiná. Kí ni kí n ṣe?"

Ọ̀rọ̀ náà ti wà ní ẹnu Ràsáàkì: gbé e lọ, kò sí nǹkan kan tí yóò ṣẹlẹ̀. Ó gbé e mì.

"Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀," ló sọ. "Kí oòrùn tó wọ̀, màá ti rí i."

Nọ́ọ̀sì na kọ́kọ́rọ́ sí i, ṣùgbọ́n kò tètè jọ̀wọ́ rẹ̀. "Mi ò fẹ́ rí yín fín o, ẹ̀yin lẹ ti ń bá mi tún un ṣe láti ọjọ́ tí mo ti rà á. Àmọ́ tí yóò bá fi di Alásárì tí kò bá tíì yanjú, màá gbé e lọ bá Kàdírì. Wọ́n ní ó ní kọ̀ǹpútà tó fi ń yẹ ọkọ̀ wò."

Ọ̀dọ̀ Ràsáàkì ni Kàdírì ti kọ́ṣẹ́. Ọdún mẹ́fà ló fi gbé jáàkì fún un. Ràsáàkì kàn mi orí ni.

Nígbà tí obìnrin náà lọ tán, ó bọ́ bùbá ọrùn rẹ̀ kọ́ sórí ìṣó, ó sì dojú kọ iṣẹ́. Ó tọ wáyà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti orí bátìrì títí dé ibi tí wọ́n ti wọlé, ó ń fi ìka tẹ̀ wọ́n bóyá ó máa bá èyí tó rọ̀. Kò sí. Ó tan ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ títí tó fi gbóná, ó wá fi tọ́ọ̀ṣì wo gbogbo ara sáyẹ́lẹ́ńsà bóyá ọ̀rá kan lẹ̀ mọ́ ọn. Kò sí. Ó yẹ bẹ́líìtì wò. Ó le dáadáa, kò bó, kò là. Ó fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ ọkọ̀ sókè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó yí wọn bóyá bírééki ń há. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yí wọ̀ọ̀, kò sí èyí tó dún.

Oòrùn ti mú. Ọyẹ́ fẹ́ eruku pupa kọjá lójú títì, ó da á bo orí ọkọ̀ náà. Láti ilé ahunṣọ tó wà ní òdìkejì, ìró òfì ń dún lọ láìsinmi. Ràsáàkì jókòó sórí táyà àlòkù kan, ó ń nu ọwọ́.

Fàrídà gbé oúnjẹ dé, ó gbé e kalẹ̀ lórí àpótí, ó wo ọkọ̀, ó wo ọkọ.

"Ọkọ̀ Nọ́ọ̀sì tún ni?"

"Òun náà ni."

"Ṣé ẹ ti sọ fún un?"

"Kí ni kí n sọ fún un?"

"Bàbá Jàmíù, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ."

Ràsáàkì yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Kí n sọ pé imú mi ti kú, kí ó wá sọ fún gbogbo ẹni tó bá wá gba abẹ́rẹ́, àbí? Ta ni yóò tún gbé ọkọ̀ wá síbí?"

"Bí ọkọ̀ yẹn bá gbiná lọ́la ńkọ́, ta ni yóò gbé ọkọ̀ wá síbí?" Fàrídà kò pariwo. Ó bu omi sínú abọ́ kí ọkọ rẹ̀ fi fọwọ́. "Obìnrin yẹn ló gbẹ̀bí ọmọ Jàmíù. Òru mọ́jú ló fi dúró. Ó ní ọmọ náà kò dáa nídùúró, òun ò dẹ́rù bà wá, òun ò sì tàn wá. Ṣé ẹ rántí? Ó sọ bí ó ṣe rí fún wa, a sì mọ ohun tí a fẹ́ ṣe."

Ó kó aṣọ tó fi gbé oúnjẹ wá, ó lọ. Ràsáàkì kò fọwọ́ kan oúnjẹ náà.

Ó wọ inú ọkọ̀, ó wà á jáde. Ó gba ọ̀nà Ìgànná lọ títí ó fi kọjá ilé tó gbẹ̀yìn, ó wọ àárín oko kájú àti pápá gbígbẹ. Ọkọ̀ náà ń rìn geere, kò gbọ̀n, kò dún. Ó gbé gíláàsì sókè. Ó fa èémí símú. Ó tún fà á. Ó mọ̀ nígbà náà pé bí inú ọkọ̀ náà bá tilẹ̀ kún fún òórùn báyìí, òun ò ní í mọ̀. Ó lè máa jó lábẹ́ ìdí òun lọ́wọ́. Òógùn bò ó. Ó dá ọkọ̀ dúró sí etí títì, ó bọ́ sílẹ̀, ó yí i po lẹ́ẹ̀mejì, ó ń wá èéfín tí ojú lè rí. Lẹ́yìn náà ó wọlé padà, kò sì padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ilé Nọ́ọ̀sì ló forí lé.

Ó bá a níbi tó ti ń ka ìwé àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ tí wọ́n fẹ́ gún lábẹ́rẹ́ lọ́la. Nígbà tí obìnrin náà rí ọkọ̀, ojú rẹ̀ tú ká.

"Ẹ ti rí i!"

"N ò rí i," ni Ràsáàkì sọ. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé. "Nọ́ọ̀sì, n ò gbóòórùn. Láti oṣù méje sẹ́yìn. Imú mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́."

Mọ́rìnọ́lá gbé bírò sílẹ̀. "Òwúrọ̀ yìí ńkọ́? Ẹ ní ẹ gbọ́ ọ."

"Irọ́ ni mo pa."

"Èyí tí ẹ ní bẹ́líìtì ni ńkọ́?"

"Mo rò pé òun ló máa jẹ́. Òun ló sábà máa ń jẹ́."

"Ẹ rò pé." Ó dìde. "Misturat wà nínú ọkọ̀ yẹn. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo fi ọkọ̀ yẹn gbé aboyún láti Búdó Àlàbá dé ọsibítù. Ẹ ní mo lè máa gbé e rìn, mo gbà yín gbọ́, mo gbé e rìn! Bàbá Jàmíù, ká ní èmi ni mo ṣe báyẹn fún yín ńkọ́? Kí n wo ọmọ yín, kí n máa méfò?"

Ràsáàkì kò wí àwíjàre. Ó dúró, ó jẹ́ kí obìnrin náà sọ ọ́ tán. Mọ́rìnọ́lá na ọwọ́ pé kí ó fún òun ní kọ́kọ́rọ́ òun, Ràsáàkì sì fi í lé e lọ́wọ́.

"Ẹ lè gbé e lọ bá Kàdírì nísinsìnyí," ló wá sọ. "Ẹ kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá lè fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè. Imú yín pé. Ohun tí imú yín ti gbọ́, ẹ sọ ọ́ fún mi bó ṣe rí, n ò ní í méfò mọ́."

Inú ń bí Mọ́rìnọ́lá síbẹ̀, ṣùgbọ́n ó fa àga kan jáde, ó tì í sí i.

"Ọ̀nà tí àwa náà ń gbà nìyẹn," ló sọ. "A kì í gbé abẹ́rẹ́ kí a tó bèèrè ọ̀rọ̀. Ẹ bèèrè."

"Ìgbà wo ló máa ń rùn?"

"Bí a bá ń lọ sí Búdó Àlàbá."

"Bí ẹ bá ń bọ̀ ńkọ́?"

Ó ronú. "Bí a bá ń bọ̀, kò..." Ó dákẹ́. "Kò rùn o. Mo rò pé mo ti mọ́ ọn lára ni. Ṣùgbọ́n lóòótọ́, n ò rántí pé ó rùn rí bí a bá ń bọ̀."

Ràsáàkì tẹ síwájú lórí àga. "Ibo ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀?"

"Bí a bá ti kọjá Ìlúà, níbi tí ọ̀dà ti tán. Kòtò pọ̀ níbẹ̀. Lórí títì dáadáa, kò sí nǹkan kan."

"Ta ló máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ẹ̀yin tàbí Misturat?"

"Misturat ni. Ẹ̀yìn ló máa ń jókòó sí, lọ́wọ́ ọ̀tún. Á ti máa yí gíláàsì wálẹ̀ kí n tó gbọ́ rárá."

Ràsáàkì fi ọwọ́ gbá itan ara rẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ méjì, abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ló ti ń wò. Bí ó bá jẹ́ pé ó ti bèèrè ìbéèrè yìí ní ọjọ́ àkọ́kọ́!

"Kí ni ẹ máa ń kó sí búùtù?"

"Kúlà abẹ́rẹ́ méjì, ó fúyẹ́. Àti omi."

"Báwo ni omi náà ṣe pọ̀ tó?"

"Kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin, àwọn ńlá yẹn. Kànga Búdó Àlàbá ti gbẹ láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé, a ò sì lè gbẹ̀bí láìsí omi. A máa ń pọn ọ́n láti ibí ni."

"Bí ẹ bá ń bọ̀ ńkọ́?"

"Òfìfo la máa ń kó bọ̀."

Ràsáàkì ti dìde. "Kẹ́ẹ̀gì yẹn dà? Ẹ jẹ́ ká pọn omi sí i."

Wọ́n jọ pọn ọ́n ní ẹ̀rọ ẹ̀yìnkùlé. Ràsáàkì gbé wọn sí búùtù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ó ní kí Mọ́rìnọ́lá jókòó sí ibi tí Misturat máa ń jókòó sí. Obìnrin náà wọlé. Ràsáàkì lóṣòó sẹ́yìn ọkọ̀, lápá òsì, ó ti ìka ọwọ́ rẹ̀ bọ àárín táyà àti ara ọkọ̀ lókè. Ìka mẹ́rin wọlé. Ó bọ́ sí apá ọ̀tún. Ìka kan kò wọlé.

Ó mú jáàkì jáde, ó ní kí Nọ́ọ̀sì bọ́ sílẹ̀, ó tú ẹsẹ̀ ọ̀tún náà kúrò. Ó fi irin họ ẹrẹ̀ gbígbẹ tó lẹ̀ mọ́ ìdí sípíríǹgì, ibẹ̀ ni ó sì ti rí i: sípíríǹgì náà ti kán nísàlẹ̀, odidi ìyípo kan ti já kúrò lára rẹ̀. Òwúrọ̀ yìí ó ti wo ẹsẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n orí jáàkì ni ọkọ̀ wà, ẹsẹ̀ rọ̀ sílẹ̀, bírééki nìkan ni òun sì ń wá. Bí ọkọ̀ bá ṣófo, ó ń dúró bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ìgbà tí omi bá wọ búùtù tí ó sì já sí kòtò ni ara ọkọ̀ máa ń wálẹ̀, táyà á sì máa ha irin.

Ó yí táyà náà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó kọjú sínú. Ó ti jẹ dan bí òkúta odò. Ní ibì kan, okùn inú rẹ̀ ti yọ síta.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ wá wo ibí yìí. Ẹ fọwọ́ kàn án."

Mọ́rìnọ́lá bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kàn án, ó sì yára fà á padà. "Okùn nìyí."

"Òun ni. Bóyá kó tún lọ lẹ́ẹ̀kan sí i, bóyá kó má lọ. Ìbá ti bẹ́ mọ́ yín lórí ìrìn." Ràsáàkì na ọwọ́ sókè sábẹ́ fẹ́ńdà, ó họ nǹkan dúdú wínníwínní kan wálẹ̀, ó kó o sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbé e sún mọ́ imú obìnrin náà. "Ẹ bá mi gbọ́ ọ."

Ó gbọ́ ọ. Ojú rẹ̀ fún pọ̀.

"Òun ni," ló sọ. "Bàbá Jàmíù, òun gan-an ni!"

Ó kù díẹ̀ kí wọ́n kírun Alásárì. Sípíríǹgì ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀ ní Ìsẹ́yìn. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Ìbàdàn, yóò di ọ̀túnla. Ràsáàkì mọ ibì kan ṣoṣo tí irú rẹ̀ wà. Ó gun ọ̀kadà lọ sí ṣọ́ọ̀bù Kàdírì, níbi tí ọkọ̀ irú rẹ̀ kan tó ti kú wà lórí búlọ́ọ̀kù láti èṣí.

Kàdírì rí i lọ́ọ̀ọ́kán, ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá mi. Ṣé kò sí nǹkan o?"

"Sípíríǹgì ẹ̀yìn méjèèjì ni mo fẹ́ lára òkú ọkọ̀ yẹn. Ti Nọ́ọ̀sì ni." Ràsáàkì dúró díẹ̀. Kò sí ẹni tó bi í, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́: "Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi méfò lórí rẹ̀, Kàdírì. Imú mi ti kú. N ò sọ fún ẹnikẹ́ni."

Kàdírì mú sípánà nílẹ̀. "Kọ̀ǹpútà tèmi náà kì í rí sípíríǹgì tó kán, ọ̀gá," ló sọ. "Ẹ jẹ́ ká lọ tú u."

Àwọn méjèèjì ló jọ ṣiṣẹ́ náà níwájú ilé Nọ́ọ̀sì. Wọ́n pààrọ̀ sípíríǹgì ọ̀tún, wọ́n pààrọ̀ ti òsì kí ọkọ̀ má baà fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n fi táyà tó wà nípamọ́ rọ́pò èyí tó ti jẹ. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lú omi nínú búùtù, ìka mẹ́rin Ràsáàkì wọ apá ọ̀tún, ó sì wọ apá òsì.

"Ó ti parí nìyẹn," ni Kàdírì sọ.

"Kò tíì parí," ni Ràsáàkì sọ. "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó sí ẹ̀yìn, lọ́wọ́ ọ̀tún. A ń lọ."

Ó wà á jáde nílùú, ó gba ọ̀nà kan tó wọ inú oko, tí kòtò rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ẹ̀yìn Ìlúà. Ó gbé gbogbo gíláàsì sókè. Ó mọ̀ọ́mọ̀ já sí kòtò, ọkọ̀ náà lọ sókè, ó padà wálẹ̀, omi ń pariwo nínú kẹ́ẹ̀gì.

"Ẹ gbọ́ nǹkan kan?"

"Rárá."

Ó tún já sí òmíràn tó jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ. "Nísinsìnyí ńkọ́?"

"Eruku nìkan ni mò ń gbọ́."

Ó tó ìgbà mẹ́jọ tí ó bi í, ìgbà mẹ́jọ ni obìnrin náà sì dáhùn. Nígbà tí wọ́n padà dé, Ràsáàkì tún lóṣòó, ó fọwọ́ kan táyà, ó fọwọ́ kan abẹ́ fẹ́ńdà. Ó tutù. Kò sí ibi tó há.

Ó fún un ní kọ́kọ́rọ́. "Ẹ lè lọ lọ́la. Mo sọ ọ́ pẹ̀lú ohun tí mo fojú rí."

Mọ́rìnọ́lá gbà á. Kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Ẹ ṣeun. Inú ṣì ń bí mi o."

"Ó yẹ kó bí yín."

"Bí mo bá ti Búdó Àlàbá dé, ẹ wá kí á jọ lọ rí dókítà elétí, òun náà ló ń wo imú. Ó ṣeé ṣe kó padà, ó ṣeé ṣe kó má padà. N ò ní í tàn yín."

Ràsáàkì dúpẹ́. Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó kírun Màgáríbì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ǹṣì níbi tó ti máa ń kí i, ó sì jókòó síbẹ̀ lẹ́yìn tó sálámà. Ìró òfì ti dákẹ́ ní òdìkejì. Ó yẹ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ tó ti fi imú kàn láti oṣù méje wá ń kọjá lójú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bọ́ọ̀sì Muhydeen ló dúró sí i lọ́kàn. Muhydeen, tó ń kó èrò láti Ìsẹ́yìn lọ Ṣakí. Oṣù tó kọjá ló wá, ó ní òun ń gbóòórùn bẹntiróòlù nínú bọ́ọ̀sì bí oòrùn bá mú. Ràsáàkì fi imú kàn án, ó ní kò sí nǹkan kan, kí ó máa lọ.

Ó mú fóònù, ó wá nọ́ńbà náà.

"Ọ̀gá Onímú!" Ohùn Muhydeen dùn létí. "Ṣé àlàáfíà ni?"

"Muhydeen, ibo lo wà?"

"Garéèjì Ṣakí, mo ń to èrò fún àárọ̀ ọ̀la."

"Má ṣe gbé èrò kankan lọ́la. Gbé bọ́ọ̀sì náà wá fún mi lófìfo, kí o sì ṣí gbogbo gíláàsì rẹ̀ bí o bá ń bọ̀."

"Ha! Ẹ ní kò sí nǹkan kan tó ń ṣe é."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀," ni Ràsáàkì wí. "N ò gbóòórùn, Muhydeen. N ò gbóòórùn lọ́jọ́ yẹn, n ò sì gbọ́ ọ títí di ìsinsìnyí. Ohun tí o gbọ́, òun ni kí o gbà gbọ́. Máa bọ̀, a ó jọ wá a."

Muhydeen ní, "Ó dáa, ọ̀gá. Màá wá."

Ràsáàkì gé ìpè náà. Ó nu ojú fóònù sí ṣòkòtò rẹ̀, ó sì wá nọ́ńbà ẹni tó kàn.